Hilux àtijọ́ tó ń gbọ̀n ní sìlóò, tó sì ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láàárọ̀: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Hilux ọdún 1989 ni mo ń lò, ẹ̀ńjìnnì 22R oníkàbúrétọ̀ ló wà nínú rẹ̀, a sì fi ń kó kòkó àti ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí Ìgbàrà-Òkè. Láti bí oṣù mélòó kan ni kò ti lè dúró ní sìlóò mọ́, ìyẹn nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹsẹ̀ lórí iná (pẹ́dà epo). Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n, nígbà mìíràn á sì kú. Yàtọ̀ sí èyí, bí mo bá tan án láàárọ̀, ariwo ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ kan á ti iwájú ẹ̀ńjìnnì wá, á dún fún ìgbà díẹ̀, á sì rọlẹ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kàbúrétọ̀ ni, ó fọ̀ ọ́, kò sì sí ìyàtọ̀. Èkejì ní ẹ̀ńjìnnì ti fẹ́ nọ́kì, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Ẹ̀kẹta ní kí n da ọ́ìlì tó ki sí i, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ta ni kí n gbà gbọ́? Owó ọwọ́ mi kò tó èyí tí n ó fi dán gbogbo rẹ̀ wò.

* * *

Èsì

Àbúrò, n kò ní sọ pé kí o gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí nínú ohun tí o kọ, kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀ńjìnnì náà wò dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí ọwọ́ oníkálukú mọ̀ ọ́n ṣe ni ó dá lábàá. Ẹni tó mọ kàbúrétọ̀ fọ̀ fọ kàbúrétọ̀. Ẹni tó mọ ẹni tó ń ta ẹ̀ńjìnnì ní kí o ra ẹ̀ńjìnnì. Ẹni tí kò fẹ́ kí o tún padà wá ní kí o da ọ́ìlì tó ki sí i.

Àìsàn méjì ni o kó wá síwájú wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fẹ́ kí ẹyọ ohun kan ṣoṣo jẹ́ ìdí méjèèjì, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, kí wàhálà sì tán. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí wọ́n ti tún ọkọ̀ púpọ̀ ṣe, máa ń sọ pé gbígbọ̀n lọ́tọ̀, ariwo lọ́tọ̀, kí a má da wọ́n pọ̀. Èmi wà lẹ́yìn àwọn kejì yìí, àmọ́ mo fi gbólóhùn kan kún un: nínú 22R, ariwo iwájú ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kódà bó bá jẹ́ pé gbígbọ̀n ló ń dà ọ́ láàmú jù. Ìdí méjì ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ní sìlóò lè máa gbọ̀n bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan láìbàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ariwo tí o júwe yìí lè sọ ẹ̀ńjìnnì di ìdọ̀tí irin láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èkejì ni pé ṣéènì iwájú ló ń yí kámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), láti orí kámù yẹn sì ni dísítíríbútọ̀ (tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) ti ń gba yíyí tirẹ̀. Bí ṣéènì bá dẹ̀, iná púlọ́ọ̀gì pàápàá kò ní bọ́ sí àkókò kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n, bí o tilẹ̀ fọ kàbúrétọ̀ náà títí ó fi ń dán.

Dá mi lóhùn lórí nǹkan mẹ́ta kí a tó tẹ̀síwájú. Ṣé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni ariwo náà ti ń wá ní iwájú, tàbí ẹ̀gbẹ́ kejì? Ṣé omi rédíétọ̀ ń dín? Àti pé, bí o bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ṣé ariwo náà ń yí padà?

* * *

Ẹni tó béèrè fèsì

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ jù. Kílọ́ọ̀ṣì kò yí i padà. Omi ń dín díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tó ń jò sí nílẹ̀.

* * *

Èsì

Ọ̀rọ̀ omi yìí kò dùn mọ́ mi. Má ṣe gbé ọkọ̀ náà lọ oko lọ́la. Jẹ́ kó sùn mọ́jú láìtan án, kí ẹnì kan wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, kí ó rọra tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù (agbada ọ́ìlì abẹ́ ẹ̀ńjìnnì), kí ó sì jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ kán sínú abọ́ funfun. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, nítorí náà bí omi bá ti wọnú ọ́ìlì, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Wo abẹ́ ìdérí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ bá rí bíi tíì tí a da mílíìkì sí, má ṣe tan ẹ̀ńjìnnì yẹn mọ́ rárá.

Nígbà tí o bá ń dúró de àbájáde yẹn, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa gbígbọ́ ariwo, nítorí àwọn tó ń dá wa lóhùn níbí ti ń pe gbogbo ariwo ní «nọ́kì», nọ́kì kọ́ sì ni gbogbo wọn.

Gbé sukudíráfà gígùn kan, fi ẹnu rẹ̀ ti ara irin, kí o fi ẹ̀yìn igi rẹ̀ ti etí. Ṣọ́ fáànù àti bẹ́líìtì, má ṣe wọ agbádá dé ìdí iṣẹ́ yìí. Bí o bá gbé e lé ìdérí tápẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà lórí ẹ̀ńjìnnì), tí o ń gbọ́ tá-tá-tá tó yára níwọ̀nba, tápẹ́ẹ̀tì ni. Kámù ń yí ní ìdajì eré kíráńkì (ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí píṣítìnì ń yí), ìdí nìyẹn tí ariwo tápẹ́ẹ̀tì kì í fi í sáré tó ariwo ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gbò-gbò-gbò tó jinlẹ̀, tó ń dún láti ìsàlẹ̀, tó sì ń le sí i bí o bá tẹ iná tí ẹrù wà lẹ́yìn, ìyẹn ni kóo máa bẹ̀rù pé bíárìnnì ti lọ. Bí ó bá dún ní tútù tó sì dákẹ́ pátápátá nígbà tí ẹ̀ńjìnnì gbóná, píṣítìnì tó ti ní àyè díẹ̀ nínú sílíńdà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá yí ariwo padà, bíárìnnì kílọ́ọ̀ṣì tàbí ti gíà ni kí a lọ wò. Páǹpù epo bẹntiróò 22R wà lára tọ́pù sílíńdà níwájú, kámù ló ń tì í, òun náà a sì máa ta kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí apá rẹ̀ bá ti jẹ. Kí a má sì gbàgbé àwọn ohun yẹpẹrẹ: páànù tó bo sàléńsà tí bọ́ọ̀tì rẹ̀ ti já, àti nọ́ọ̀tì orí ilé fílítà afẹ́fẹ́ tí ẹnì kan kò dì. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń dúnàá-dúrà ẹ̀ńjìnnì fún, tó sì jẹ́ pé páànù sàléńsà ni ó ń dún.

Ariwo tìrẹ kò jọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láti iwájú, láàárọ̀, fún ìgbà díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀: ṣéènì ni n ó fi owó mi lé.

* * *

Èsì

Ọ̀gá awakọ̀ kan béèrè pé kí ló dé tí ṣéènì, tí kì í ṣe rọ́bà, fi ní láti bàjẹ́, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọkọ̀ oníṣéènì kì í béèrè ohunkóhun. Ìdáhùn náà wà nínú bí Toyota ṣe kọ́ ẹ̀ńjìnnì yìí.

Àwọn 22R àkọ́kọ́ ní ṣéènì onílà méjì. Láti nǹkan bí ọdún 1983 ni ó ti di onílà kan, gáìdì tó ń mú un dúró lójú ọ̀nà sì di oníke. Gáìdì méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ tiwa tí ọwọ́ ìdarí wà lósì, níbi tí ṣéènì ti ń fà le, àti èyí tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, tí tẹ́ńṣọ́nà (ohun tó ń mú ṣéènì le) ń tì. Ọ́ìlì ni ó ń fún tẹ́ńṣọ́nà yìí lágbára. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì á ti ṣàn padà sísàlẹ̀; bí o bá tan án, tẹ́ńṣọ́nà á wà láìlágbára títí ọ́ìlì yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣéènì á sì máa na gáìdì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ike tó ti gba ooru fún ọ̀pọ̀ ọdún á sán, á gé, á já bọ́ sínú sọ́ǹpù.

Bí gáìdì yẹn bá ti já, kò sí ohun tó wà láàárín ṣéènì àti ìdérí iwájú ẹ̀ńjìnnì mọ́, alumíníọ́mù sì ni ìdérí náà. Ṣéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn rẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ibi tó ń rẹ́ yẹn gan-an, lápá ẹ̀yìn páǹpù omi, ni ojú ọ̀nà omi wà. Ọjọ́ tó bá rẹ́ ẹ já, omi rédíétọ̀ á máa ṣàn sínú ọ́ìlì, bíárìnnì kíráńkì á sì máa fi omi fọnu dípò ọ́ìlì. Ọjọ́ yẹn ni ẹni tó sọ pé ẹ̀ńjìnnì ti fẹ́ nọ́kì yóò wá jàre. Ìdí tí mo ṣe béèrè omi nìyẹn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di ìdérí tápẹ́ẹ̀tì mú. Ṣí i, tan iná tọ́ọ̀ṣì, kí o sì wo ìsàlẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì ní apá awakọ̀. O yẹ kí o rí orí gáìdì oníke tó dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí o rí i tó dùbúlẹ̀, àyẹ̀wò ti parí.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣí nǹkan kan lè kọ́kọ́ lo iná táímíìnì (tọ́ọ̀ṣì tó ń fi àkókò tí iná púlọ́ọ̀gì ń bọ́ sí hàn). Bí àmì orí púlì kíráńkì bá ń fò síwájú sẹ́yìn ní sìlóò, tí kò dúró lójú kan, bóyá ṣéènì ti dẹ̀ tàbí búùṣì dísítíríbútọ̀ ti jẹ. Láti mọ èyí tó jẹ́, pa ọkọ̀, ṣí kébù dísítíríbútọ̀, fi sípánà yí kíráńkì síwájú díẹ̀, kí o sì rọra yí i padà sẹ́yìn kí ẹlòmíràn máa wo rótọ̀ (apá tó ń yí nínú dísítíríbútọ̀). Bí púlì bá ti rìn jìnnà kí rótọ̀ tó mira, ṣéènì ni. Bí rótọ̀ bá ń mì láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ nígbà tí o fi ìka tì í, búùṣì ni.

* * *

Èsì

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ki ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀, àwọn tó gbè é lẹ́yìn kò sì kéré. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń da SAE 50 ni ariwo ti dín kù, pé ooru ilẹ̀ wa kò jọ ti Japan, àti pé ẹ̀ńjìnnì tó ti dàgbà nílò ohun tó nípọn.

Apá kan òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀ńjìnnì tó ti jẹ, 20W-50 máa ń mú kí agbára ọ́ìlì ga díẹ̀ ní sìlóò nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ariwo tí à ń sọ yìí jẹ́ ti àárọ̀, ní tútù, kí ọ́ìlì tó dé ibi tẹ́ńṣọ́nà. Ọ́ìlì tó ki máa ń pẹ́ kí ó tó débẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì dà á tí ariwo náà fi dákẹ́ lọ́sàn-án, ohun tó rà ni ìdákẹ́jẹ́. Ṣéènì ṣì ń rẹ́ ìdérí lọ ní tirẹ̀ láràárọ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kò kà sí ni fílítà ọ́ìlì. Fílítà tó dára ní rọ́bà kan nínú tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀ ní òru. Ayédèrú tó kún ọjà kò ní i, tàbí kí ó ní i kó má ṣiṣẹ́. Mo máa ń wo ihò fílítà kí n tó sanwó, kí n fi ìka tẹ rọ́bà yẹn. Bí ó bá le gbagidi, mo ń dá a padà.

* * *

Èsì

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí gbígbọ̀n, nítorí ìyẹn ló mú àbúrò wa wá síbí.

Ó dà bíi pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó dáhùn ni ó sọ pé kàbúrétọ̀ ni. Mi ò sọ pé kàbúrétọ̀ kì í bàjẹ́. Epo inú jálá tí a rà lẹ́bàá ọ̀nà, tí omi àti ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, máa ń dí jẹ́ẹ̀tì sìlóò, jẹ́ẹ̀tì yẹn sì kéré débi pé ìwọ̀nba ìdọ̀tí ló ń dí i. Nígbà tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń bọ́ ẹ̀ńjìnnì nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí iná, ọkọ̀ á máa sáré dáadáa lójú ọ̀nà títì, á sì máa kú bí o bá dé ibi tí ọlọ́pàá dúró sí. Wọ́n ti fọ tìrẹ, kò sì sí ìyàtọ̀. Ohun tó kù tí n ó béèrè ni ohun tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ki wáyà bọ ihò jẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fẹ ihò náà nìyẹn, kò ní sí yíyí ìdè kankan tí yóò tún un ṣe. Epo bẹntiróò mímọ́ àti afẹ́fẹ́ láti ẹnu kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló tó. Tún fetí sí ṣólẹ́nọ́ìdì kékeré tó wà lára rẹ̀: bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dé, láìtan ẹ̀ńjìnnì, ó yẹ kí o gbọ́ «tẹ́ẹ̀». Bí o kò bá gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ pé iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ rẹwáyà sì ni ìyẹn.

Ohun tí mo máa ń wò ṣáájú kàbúrétọ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lójú ọ̀nà tí kò yẹ. Ní sìlóò, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ńjìnnì ń fà kò tó nǹkan, nítorí náà ihò kékeré kan ti tó láti ba ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ jẹ́. Bí o bá tẹ iná, afẹ́fẹ́ á pọ̀ débi pé ihò yẹn kò já mọ́ nǹkan mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gbọ̀n ní ìdúró tó sì ń dára lórí ìrìn. Wo páàdì dúdú tó wà lábẹ́ kàbúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòlù, àti gbogbo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti gan. Fi ẹnu pílíáásì fún rọ́bà ńlá tó lọ sí búréèkì pọ̀. Bí sìlóò bá yí padà, ibẹ̀ ló ń fà á. Àwọn kan ń fọ́n epo bẹntiróò sí ìdí kàbúrétọ̀ láti mọ ibi tó ń fà. Ẹ má ṣe dán an wò! Omi lásán nínú ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n aṣọ tí wọ́n ń lọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ní jó ọkọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o wá sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Ní sìlóò, yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pílíáásì tó ní rọ́bà, kí o sì gbé ẹnu wáyà náà sún mọ́ irin kí iná rí ibi lọ. Sílíńdà tó ń ṣiṣẹ́, bí o bá yọ tirẹ̀, ẹ̀ńjìnnì á rọ̀. Èyí tí o yọ tí kò sí ohun tó yí padà, òun ni ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ yíyí ìdè sìlóò sókè kí ọkọ̀ má baà kú: gbogbo wa la ti rí i. Ìwé Toyota ní nǹkan bíi 700 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ni 22R tó ní gíà ọwọ́ yẹ kó máa yí. Bí mẹkáníìkì bá gbé e dé 1,200, ọkọ̀ á dúró, àmọ́ ó ti bo ojú egbò mọ́lẹ̀, o ó sì máa san owó epo rẹ̀ lójoojúmọ́.

* * *

Èsì

Ẹnì kan ní epo orílẹ̀-èdè yìí ló ń ba gbogbo ọkọ̀ jẹ́, ó sì rán wa létí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé epo bẹntiróò tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ ọjà. Òtítọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jìyà rẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n epo tí kò dára kì í yan sílíńdà kan ṣoṣo, kì í sì dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

Bàbá kan náà tún wọlé láti sọ pé bó bá jẹ́ Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná ni, a kò ní wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kú ìrántí, bàbá. Mo fẹ́ràn 504 náà, mo sì mọ iye ìgbà tí mo ti fi sáńpépà nu kọ́ńtàkì sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

* * *

Ẹni tó béèrè fèsì

Ẹ̀gbọ́n, a ti ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì. Kò sí gáìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ rárá. Omi kò jáde láti inú sọ́ǹpù, ọ́ìlì náà dúdú lásán. Mẹkáníìkì tó bá mi ṣí i ní òun lè pààrọ̀ ṣéènì, ṣùgbọ́n òun ṣì rò pé ẹ̀ńjìnnì tòkunbọ̀ yá ju ìyẹn lọ.

* * *

Èsì

O ṣe oríire tí omi kò tíì wọlé. Ní ti tòkunbọ̀: 22R tí o máa rà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún bíi tìrẹ, gáìdì oníke kan náà ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń tà á kò sì ní jẹ́ kí o ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, o mọ ohun tó ń ṣe é. Tún un ṣe.

Ará wa kan tó ń gbé ní Houston ti sọ ohun tó wúlò lórí ẹ̀yà tó yẹ kí o rà. Ó ní níbẹ̀, níbi tí wọn kì í ti í pè é ní Hilux bí kò ṣe Toyota Pickup, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí kì í fi gáìdì oníke nìkan sí i mọ́. Èyí tó ní irin lẹ́yìn ni wọ́n ń rà fún ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ẹlòmíràn ní ojúlówó Toyota ló dára jù, ike ni tàbí irin, nítorí pé ike ìṣáájú náà lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó já. Òun náà kò purọ́. Bí o bá rí ojúlówó, rà á; bí o kò bá rí i dájú pé ojúlówó ni, irin ni kí o mú. Ra ṣéènì, tẹ́ńṣọ́nà, gáìdì méjèèjì àti eyín irin wọn pa pọ̀. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti mú ṣóńṣó kò ní pẹ́.

Páǹpù omi wà lára ìdérí iwájú yẹn kan náà, ó sì ní láti kúrò kí ìdérí tó kúrò. Wo ihò kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀: bí ipa omi tó ti gbẹ bá wà níbẹ̀, o ti rí ibi tí omi rẹ ń gbà lọ láìkán sílẹ̀, kí o pààrọ̀ rẹ̀ náà.

Nǹkan méjì ni kí o dúró lórí rẹ̀ níwájú mẹkáníìkì náà. Èkíní ni bọ́ọ̀tì kan tó farasin. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín dísítíríbútọ̀ àti eyín kámù kúrò, adágún ọ́ìlì kékeré kan wà níwájú tọ́pù sílíńdà. Fi rágì fa ọ́ìlì yẹn gbẹ, o ó rí orí bọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀ rẹ̀, tó so tọ́pù sílíńdà mọ́ ìdérí ṣéènì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á tú gbogbo bọ́ọ̀tì ìta, á fi irin jẹ ìdérí náà, á sì fọ́ ọ. Èkejì ni sọ́ǹpù: ó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá. Awẹ́ ike gáìdì tó já wà nínú rẹ̀, àwọn awẹ́ yẹn a sì máa lọ dí asẹ́ ibi tí páǹpù ọ́ìlì ti ń fa ọ́ìlì. Kà wọ́n, tò wọ́n pọ̀ lórí páálí títí ìwọ yóò fi rí i pé odindi gáìdì ti pé.

Nígbà tí ìdérí bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi èékánná tọ ojú ibi tí ṣéènì ti rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, lò ó. Bí èékánná bá rì wọlé dáadáa, wá òmíràn. Má gbà kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i.

* * *

Ẹni tó béèrè fèsì

A ti ṣe é. Awẹ́ ike mẹ́ta la bá nínú sọ́ǹpù, ìdérí ní ìlà lára ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀, páǹpù omi ló sì ń jò. Ariwo àárọ̀ ti lọ pátápátá. Gbígbọ̀n dín kù, àmọ́ kò tán. A fọ́n omi yíká, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tí a yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ti sílíńdà kẹta kò yí nǹkan kan padà. A gbé púlọ́ọ̀gì àti wáyà ẹ̀kejì sí i, bákan náà ni. Wọ́n wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n (agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà) ní psi: àwọn yòókù lé ní 150, ẹ̀kẹta jẹ́ 105.

* * *

Èsì

Nígbà náà, kì í ṣe kàbúrétọ̀, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó ta tápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ kẹ́yìn (ìyẹn, tó tún àyè fáàfù rẹ̀ ṣe) fẹ́ kí ó dákẹ́ jù. Ìwé sọ pé 171 ni ó yẹ kí ó jẹ́ nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ṣì tuntun, kí ó má sì dín sí 142, kí ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà méjì má sì ju 14 lọ. 105 kò sí nínú ìṣirò.

Da ọ́ìlì tó tó ṣíbí kékeré kan sínú ihò púlọ́ọ̀gì kẹta, kí o sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gòkè dáadáa, ríìngì píṣítìnì ló ti jẹ. Bí ó bá dúró síbi tó wà, fáàfù ni. Mo fura sí fáàfù èéfín. Gbé bébà pẹlẹbẹ kan sí ẹnu sàléńsà ní sìlóò: bí ẹ̀ńjìnnì bá ń tì í jáde tó sì ń fà á padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìfura yẹn tún lágbára sí i.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí o ṣí tọ́pù sílíńdà, ta tápẹ́ẹ̀tì ná. Ẹ̀ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná. Àyè fáàfù tó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé jẹ́ 0.20 mílímítà, ti èéfín jẹ́ 0.30. Gbé sílíńdà kìíní sí òkè nígbà tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì padé. Ní ipò yẹn ta fáàfù ìwọlé kìíní àti èkejì, àti ti èéfín kìíní àti ẹ̀kẹta. Yí kíráńkì ní odindi ìyípo kan, kí o sì ta àwọn mẹ́rin tó kù. Bí géèjì 0.30 kò bá wọ ti èéfín ẹ̀kẹta rárá, fáàfù yẹn kì í padé dáadáa, iná sì ti ń jẹ etí rẹ̀. Àwọn awakọ̀ wa fẹ́ràn tápẹ́ẹ̀tì tó dákẹ́, mẹkáníìkì sì fẹ́ràn láti tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni fáàfù ṣe ń jó. Jẹ́ kí ó máa ta tá-tá díẹ̀.

Bí o bá ta á tán, wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan láìkó ẹrù tó wúwo, kí o sì tún wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n. Bí ẹ̀kẹta bá ti gun òkè súnmọ́ àwọn yòókù, kò tíì jó jù, fi í sílẹ̀. Bí ó bá ṣì wà ní 105, tọ́pù sílíńdà ní láti kúrò kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ fáàfù, kí o sì ní kí wọ́n yẹ pẹpẹ rẹ̀ wò bóyá ó tẹ̀, nítorí pé omi ti ń dín nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má lo èyí tí wọ́n bá yọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kí o tó fi iná táímíìnì tún dísítíríbútọ̀ tò, kí o wá yí ìdè sìlóò padà sísàlẹ̀ síbi tí ìwé sọ, kàbúrétọ̀ sì ni ẹ ó fọwọ́ kàn kẹ́yìn.